Iṣẹ́ Bàbá

Wọ́n ní òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní Ìwó, ọmọ ọba ní í bà, inú Oyèdàmọ́lá kò sì dùn rárá pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń retí kí oyè yí kan ilé wọn. Kí ọjọ́ náà tó dé, kò lè roko, kò lè ṣòwò. Gàrí tí ìyàwó rẹ̀ ń rà ní Kuta wá tà ló ń bọ́ ọba ọ̀la.

Ọmọbìnrin wọn, Ṣemílọ́rẹ, fẹ́ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Bí bàbá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lónìí, ẹlòmíràn ni ọ̀gá yóò gbà lọ́la.

"Ọmọ ọba kì í jó irin," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ lókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sára owó.

"Kí ni ọmọ ọba wá ń ṣe, Bàbá?"

"Ó ń jókòó."

"Kí wọ́n tó bí mi lẹ ti jókòó. Màmá nìkan ló ń dìde."

Àga irin tí bàbá jókòó lé tó ń bú irin yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́dún tó kọjá. Ṣemílọ́rẹ ló fi wáyà dì í. Bàbá mọ ẹni tí òun jẹ́. Kò béèrè rí ẹni tí ọmọ òun jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá náà, Adédìpẹ̀, wọlé, ẹ̀éfín irin lára ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Oyèdàmọ́lá ni, ó sì fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Ọmọ ọba kò rí ọgbọ́n dá. Ó rọra dọ̀bálẹ̀, bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.

"Dàmọ́lá," ni Adédìpẹ̀ wí, "ọba kan náà ló bí bàbá wa àgbà. Èmi ti jẹ ọlá yẹn wò nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Kò tó oúnjẹ àárọ̀."

Oyèdàmọ́lá padà sórí àga, ó mú bírò. Níbi tí ìwé ti béèrè iṣẹ́ bàbá, ó fi ọwọ́ gàdàgbà kọ ọ́: Ọmọ Ọba. Ó fọwọ́ sí i.

"Bó o bá mọṣẹ́ tán," ló wí, "ìtẹ́ mi ni kó o kọ́kọ́ ṣe."

Ṣemílọ́rẹ kúnlẹ̀ gba ìwé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Màmá ni n óò kọ́kọ́ ṣe, Bàbá. Ti ìtẹ́ yẹn, ẹ ní láti dìde ná kí n tó lè wọ̀n yín."