Ilé Keje Láti Paris

Ọ̀sán Sátidé ni lẹ́tà náà tó dé, nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì ìlú ti tì pa. Solange Tréhet jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó wá sí Villebrais lọ́la, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, nítorí ìlú fẹ́ ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí ìyá rẹ̀, Armandine Tréhet, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì yìnbọn pa ní ọdún 1944. Ọgọ́ta ọdún gbáko ló fi retí irú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ilé tó wà nínú rẹ̀, ilé tí wọ́n kan òkúta náà mọ́ lára, kì í ṣe ilé wọn.

Ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé. Ilé pupa kékeré bíi tiwọn ni lóòótọ́, ilé aṣọ́géètì ojú irin, gbogbo wọn ló jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n igbó dà? Lẹ́yìn ilé tiwọn, igbó ńlá ló wà. Lẹ́yìn ilé inú fọ́tò, pápá màlúù ló tẹ́ lọ salalu.

Láìsí igbó, ìtàn ìyá rẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí. Iṣẹ́ Armandine ni láti ti géètì mọ́ ojú títì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, kó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́ títí ọkọ̀ á fi kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin sáré ré ojú irin kọjá, wọ́n forí lé igbó. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún ọmọ ogun fi dé. Armandine ti ti géètì. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Òfin ojú irin kì í ṣe ohun tí Jámánì ń fi ṣeré. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n dúró. Ọkọ̀ kankan kò wá. Solange, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bó ẹ̀wà tútù nínú ilé nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn.

Ó mú lẹ́tà náà, ó kọjá sí ilé kejì, lọ́dọ̀ Firmin Lecoustey, tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógójì pín lẹ́tà ní agbègbè náà kó tó fẹ̀yìn tì.

"Firmin, wọ́n ti kan òkúta ìyá mi mọ́ ilé onílé."

Firmin fi fọ́tò náà kan imú. "Ilé àwọn Gohier rèé! Ajá wọn já ṣòkòtò mi ya níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?"

"Ilé keje, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

"Ilé keje náà sáà ni tiyín."

"Ilé keje láti Paris, Firmin! Wọ́n kà á láti ọ̀dọ̀ tiwọn!"

Kò sí ọmọ ojú irin tí kò mọ̀ ọ́n: ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ojú irin, ìbáà jẹ́ afárá, ìbáà jẹ́ òpó, láti Paris ni wọ́n ti ń kà á bọ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n ti hú irin yẹn, wọ́n ti tú nọ́ńbà kúrò lára àwọn ilé, àwọn tó sì kó ìgbìmọ̀ ìrántí jọ ní Villebrais, àwọn tó wá ra ilé ìsinmi láti ìlú ńlá ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ara wọn, wọ́n ní oókan, eéjì.

"Pè wọ́n lórí fóònù," ni Firmin wí.

"Mo ti pè. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ó dáa náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o kọ lẹ́tà sí wọn."

"Ohun tí wọ́n bá ti ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níwájú àsíá, ta ló máa tún un ṣí nípò? Àbí o ò mọ àwọn èèyàn wa ni? Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á gbé òdòdó síbẹ̀. Lọ́dún kejì àwọn ọmọ ilé ìwé á kọrin níbẹ̀. Kí n tó kú, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn á máa sọ pé ìyá mi kú sí."

Firmin fọwọ́ ra irun orí rẹ̀. Dókítà ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú. Solange kò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ni mo máa gùn lọ," ni Solange wí.

"Kìlómítà méjìlélógún! Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Orúnkún mi kọ́ ni wọ́n kọ̀wé sí."

"Kò burú. Èmi náà á tẹ̀lé ọ, kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tí yóò máa bá orúnkún náà kẹ́dùn."

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ti da iyanrìn pupa sójú irin àtijọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ le, mọ́tò kankan kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Ìró táyà lórí iyanrìn àti ìró àdàbà nìkan lèèyàn ń gbọ́. Igi fi orí kan orí lókè wọn bí òrùlé. Fún ogójì ọdún tí Solange fi ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ ní Lille, láàárín ariwo ẹ̀rọ, ọ̀nà yìí ló máa ń rí bó bá di ojú. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń rí ní irin lórí, ó ní òórùn èédú àti ọ̀dà. Èyí tó wà lábẹ́ táyà rẹ̀ yìí ń ta sánsán koríko gbígbẹ àti ápù tútù. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún dùn ún.

Wọ́n kọjá ilé ìbọn tí àwọn Jámánì fi kọnkéré kọ́. Àgbẹ̀ kan ti sọ ọ́ di ibi tó ń kó ànàmọ́ sí. Wọ́n kọjá lábẹ́ afárá tí ihò ọta ìbọn ṣì wà lára òkúta rẹ̀. Firmin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Solange ń tọ́jú èémí.

Ní kìlómítà kẹtàlá, wọ́n dé iwájú ilé àwọn Tréhet gan-an. Wọ́n ti kun fèrèsé rẹ̀ ní búlúù, aṣọ ọmọdé wà lórí okùn, igbó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe wà látijọ́.

"O ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?" ni Firmin pè láti ẹ̀yìn.

"Agogo mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú."

Solange yí ojú síwájú, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, irú òkè tí ojú kì í rí ṣùgbọ́n tí itan máa ń mọ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ "ṣùùù" lẹ́yìn. Ẹnì kan ti gé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún lánàá, kò gbá ilẹ̀. Táyà iwájú Firmin ti rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́.

"Máa lọ," ni Firmin wí.

"Kí n fi ẹ́ sílẹ̀ sínú igbó?"

"Mo pín lẹ́tà nínú yìnyín tó dé itan, ẹ̀gún ò lè rí mi gbé ṣe. Mo ní búrẹ́dì, mo ní wàrà, mo ní ápù. Solange, máa lọ, kí wọ́n tó ṣí aṣọ!"

Ó lọ. Kìlómítà mẹ́jọ tó kù, kò mọ bó ṣe gùn ún. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń ta á bí iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òpó kan ṣá ni, lẹ́yìn ìyẹn òpó kan ṣá.

Nígbà tó yọ, wọ́n ti tò. Àwọn arúgbó tó ń gbé àsíá wà lápá kan, àwọn afunfèrè lápá kejì. Auvray, alága ìlú, ti wọ ọ̀já oyè rẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta bí àsíá Faransé, ó ti di etí aṣọ tó bo òkúta náà mú.

"Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Obìnrin arúgbó kan rèé, irun rẹ̀ dúró gán-ún lórí, òógùn ń ṣàn, iyanrìn pupa dé orúnkún rẹ̀.

"Màdáámù Tréhet!" ni alága wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "À ń retí yín. Ẹ wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Ibí kọ́ ni ìyá mi kú sí."

Bénédicte Vauquelin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún mẹ́ta ṣe ìwádìí náà, jáde síwájú pẹ̀lú fáìlì láyà. "Màdáámù, nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá, ilé keje ni."

"Láti ibo lẹ ti kà á?"

"Láti ibùdókọ̀ ojú irin Villebrais."

"Láti Paris ni wọ́n ń kà á, màdáámù. Ilé wa ti kọjá lẹ́yìn mi, kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé yìí. Níbo ni àwọn ọmọ yẹn fẹ́ sá sí? Sábẹ́ màlúù?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Léonce Hamard, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ti wa ọkọ̀ ojú irin láyé ọjọ́un, fi ìdí àsíá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Òótọ́ ló sọ! Mo sọ fún wọn láti oṣù kẹta. Wọ́n ní kí n lọ wẹ etí mi."

Ojú Bénédicte pọ́n. Ó ṣí fáìlì, ó pa á dé.

Alága sún mọ́ Solange, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ dákun, màmá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí lónìí. A máa ṣàtúnṣe sí i tó bá yá. Wáìnì ti wà lórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ìlú."

"Wáìnì yẹn ti wà nínú àgbá láti ọdún tó kọjá, kò ní kú bó bá dúró di ọ̀sán. 'Tó bá yá' lẹ ń sọ fún mi láti ìgbà tí bàbá yín ti jẹ́ alága. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ìgbà wo ni yóò yá? Bí ẹ bá ṣí aṣọ yìí, ojú mi á máa wò yín, màá sì sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbí pé irọ́ ni."

Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú kó má baà ṣubú, ṣùgbọ́n kò kúrò níwájú ògiri náà. Alága wo àwọn èèyàn rẹ̀, kò rí ojú tó gbè é.

Bénédicte Vauquelin ló kọ́kọ́ mira. Ó gbé fáìlì rẹ̀ sórí koríko. "Èmi ni mo kà á," ló wí. "Ta ló ní irin tí wọ́n fi ń tú síkírúù níbí?"

Afunfèrè kan ní ọ̀kan nínú àpò irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Síkírúù mẹ́rin ni wọ́n tú. Alága fúnra rẹ̀ di òkúta náà mú kó má baà já, Bénédicte fi aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta tó bò ó tẹ́lẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kó fẹsẹ̀ rìn wọlé láti ibi tí títì bá mọ.

"Agogo mẹ́ta wo?" ni Léonce wí. "Èmi ń bá a lọ báyìí. Ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́, ẹ so àsíá yìí mọ́ mi lẹ́yìn."

"Léonce, ẹ máa ṣubú!"

"Ẹ óò gbé mi dìde nìyẹn."

Bénédicte dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò gùn ún. "Màdáámù, ẹ ti rìn jù. Ẹ sinmi díẹ̀."

"Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde mọ́," ni Solange dá a lóhùn. Ó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán, ó da kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ ojú sí ìhà Paris.

"Ẹ máa ṣáájú nígbà náà," ni Bénédicte wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ilé náà."

Solange gbé orúnkún tó ń ta á sókè, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́.