Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Mọ̀

Ní ayé ìjọba òyìnbó, Adégbóyè ni ògbufọ̀ kóòtù l'Óde Mahin. Adájọ́ òyìnbó ní kí ó bi Sàláúdéènì, Mùsùlùmí tó ń ṣòwò ẹja, bí yóò padà wá jẹ́rìí lọ́la.

“Inṣá Àláhù,” ni ọkùnrin náà fèsì.

Adégbóyè kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó sọ fún adájọ́ pé ọkùnrin náà kò tíì pinnu. Inú bí adájọ́, ó ní kí wọ́n ti Sàláúdéènì mọ́lé.

Mùínátù, ìyàwó Sàláúdéènì, tukọ̀ wá bá ògbufọ̀. “Ọ̀gá, ‘bí Ọlọ́run bá fẹ́’ lọkọ mi wí.”

Adégbóyè wá rí àṣìṣe rẹ̀. Òun náà ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Bó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ bọ́. Bó bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ń jìyà. Ó jẹ́wọ́ fún adájọ́. Sàláúdéènì jáde, wọ́n sì yọ ògbufọ̀ níṣẹ́.