Ìbúra Tí A Bú Sórí Ẹ̀jẹ̀ Wa

…n ò ní nà án. Apá mi ni, èmi ni mo ni ín. Nọ́ọ̀sì Halimah ti jáde, ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀ rò ó, mò ń bọ̀." Ọmọ Ìlọrin ni, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó mú abẹ́rẹ́ jáde. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́.

Nítorí kókó ọrùn mi yìí náà ni. Dókítà Naomi ní òun ò lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún ti dé nìyẹn.

Ṣé dókítà kọ́ ló gba tiwa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà? Ọkọ̀ ojú omi kó àgbá wá láti òkè òkun, wọ́n rì í sí etí erékùṣù wa, wọ́n ní ọ̀dà ni. Ọ̀dà wo? Oró inú rẹ̀ — rediéṣọ̀n, Mùjídàt ọmọ mi ló kọ́ mi lórúkọ rẹ̀ — kò rùn, kò léèéfín. Àwa ń pa ẹja níbẹ̀, à ń yan án, à ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí ọrùn àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn aláṣọ funfun dé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àgbà, wọ́n fa ti ọmọ ọwọ́. "Èsì ń bọ̀." Hóró oògùn kan kò tẹ̀lé e. Èsì dà?

A kóra jọ sí èbúté, gbogbo wa ki ọwọ́ bọ omi, a búra: ẹnikẹ́ni wa kò ní fún dókítà lẹ́jẹ̀ mọ́, àfi tí èsì àkọ́kọ́ bá dé. Abdulwaheed ọkọ mi kú sórí ìbúra yẹn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù, ó ká apá mọ́ àyà, ó yíjú sógiri. Ọkùnrin ni. Èmi ni n ó wá dójú tì í ní ọsibítù Manchester níbí?

Mùjídàt ní, "Mọ́mì, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Salford ń na apá lójoojúmọ́, kò pa wọ́n." Mo ní kó lọ tọ́jú àwọn arúgbó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ lè torí ẹja kan dá ọjà rú, abẹ́rẹ́ lẹ wá ń sá fún."

Mo lè dá a rú, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹja tí mò ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ardwick níbí, ta ló rí ìdin nínú rẹ̀ rí? Ẹnì kan pariwo lọ́jà Ẹ̀pẹ́ nígbà kan pé ẹja mi ti bà jẹ́. Ṣé mo bò ó ni? Mo gbé e sókè, mo ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé kí wọ́n rí bí inú rẹ̀ ṣe pupa tó. Ẹni tí tirẹ̀ bà jẹ́ ló ń fi ọ̀rá bo àtẹ ẹja…

Àwa wá ńkọ́? Kí la bò?

Dúró ná. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó rì àgbá yẹn, kí ni wọ́n sọ lórí rédíò? "Kò sí ẹ̀rí pé ará erékùṣù kankan ṣàìsàn." Kò sí ẹ̀rí. Báwo ni yóò ṣe wà? Ẹ̀jẹ̀ wa ni ẹ̀rí, a ti kó o pamọ́ sínú iṣan. Abdulwaheed gbé tirẹ̀ wọ sàréè. Èmi náà jókòó síbí, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ wúrà — fún ta?

Fún wọn.

Áà. Gbogbo agídí wa yìí… àwọn gan-an ló ń gbè. Ọjọ́ tí a búra, bí wọ́n bá gbọ́, wọn ì bá jó.

Bàtà Halimah ló ń bọ̀ yẹn. Apá mi ṣì wà ní kíká. Kí n tó nà án, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ erékùṣù wa sára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà, kó kọ ọ́ gàdàgbà. Èsì náà, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ní Yorùbá, kó yé mi. Abdulwaheed, má bínú. Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ dójú tì.