Ohùn Ràfátù

Ní ọdún 1998, ẹni tó bá pe iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ní Dùgbẹ̀, ohùn Ràfátù ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Òun ni àgbà láàárín àwọn obìnrin tí ń gba ìpè. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé ẹni tí inú ń bí, tí fóònù rẹ̀ ti kú láti oṣù tó kọjá, á ṣàdédé rọra sọ̀rọ̀.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ọlárónkẹ́ wà. Ọ̀dọ́ ni, òun ló ń kọ ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúndé, ní kó kọ èyí tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀. Ó ní bó bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo obìnrin ìsàlẹ̀ ń lọ ilé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbọ́.

Ètò náà ń fẹ́ ohùn èèyàn, Ọlárónkẹ́ ló sì lọ bẹ Ràfátù pé kó wá jẹ́ kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ọlárónkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn tí kò ríbi sùn, yàrá Ràfátù ní Àgbowó ló wà títí ó fi rí ilé gbà. Inú Ràfátù dùn. Búbá tó fi ń lọ yídì ló wọ̀ wá, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ohùn náà ṣe. Ọlárónkẹ́ ní yóò kàn máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà kó ẹrù wọn. Ràfátù gòkè lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá.

“Ohùn yín la fẹ́, a sì ti gbà á,” ni Ògúntúndé wí. “Kí la fẹ́ fi ìyókù ṣe?”

Ilé ò gba Ràfátù, ọ̀nà ò gbà á. Àwọn tí wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti lé e ń bá a jà ládùúgbò pé òun ló ní kí wọ́n dúró lórí fóònù, wọ́n dúró títí, kò sẹ́ni tó wá tún fóònù wọn ṣe. Télọ̀ kan tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Ó wá Ọlárónkẹ́ lọ sílé rẹ̀ ní Akóbọ̀. “Iṣẹ́ kọ́ ni mo wá tọrọ,” ó ní. “Bá mi yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀.”

Ọlárónkẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni. Ó ṣèlérí. Ṣùgbọ́n Ògúntúndé sọ fún un pé bó bá fọwọ́ kan ètò náà, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀ náà bíi ti Ràfátù. Bí kò bá sì fọwọ́ kàn án, Ọlárónkẹ́ ni yóò di olórí àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ọlárónkẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ràfátù padà wá, Ọlárónkẹ́ ní kí ọlọ́dẹ sọ pé òun ti rìnrìn àjò. Ràfátù rí i lójú fèrèsé.

Láti ìgbà náà, Ràfátù kì í sọ̀rọ̀ níta mọ́. Bí wọ́n bá kí i ní mọ́ṣáláṣí, orí ló ń mì.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pàdé ní ọjà Bódìjà. Ọlárónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ràfátù wò ó, ó yíjú sí ìyá olónjẹ, ó nawọ́ sí ẹ̀wà. Ìyá náà wọ̀n ọ́n sínú báàgì rẹ̀, Ràfátù sì lọ. Ọlárónkẹ́ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé Ràfátù kò fọhùn.