Bọ́ọ̀lù Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mò ń bù mọ́ ọn: nínú eré mẹ́rin tí Ìrẹ̀mídé gbá ní ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì lọ́dún yìí, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ti èèyàn, kì í gbá èèyàn lọ́wọ́. Ẹ máa rí ọmọbìnrin gìrìwò kan tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo, Ìrẹ̀mídé ti dé ìdí àwọ̀n kejì.

Láwùmí, ìyá rẹ̀, kò mọ̀. Akọ̀wé ni ní Sẹkitéríàtì, ọmọ Ṣakí ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ ní Bódìjà, kò sì fi ẹsẹ̀ kan pápá básíkẹ́ẹ̀tì rí títí di ọjọ́ tí wọ́n gbá àwọn eré tó ṣáájú àṣekágbá. Ọjọ́ náà ló dé pápá yunifásítì tó kọjú sí Àgbowó, tó rí i tí ọmọ rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Igbe ló fi bọnu.

"Yéè! Ìrẹ̀mídé! Ta ló kọ́ ọ ní jíjá nǹkan gbà?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí àga bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì," ni ọkùnrin tó jókòó tì í wí. "Iṣẹ́ ọmọ yín nìyẹn."

Surajudeen ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Ìbàdàn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Chálẹ́ńjì. Ó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì rí kí orúnkún rẹ̀ tó yọnu, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Òun ló fi obìnrin kan tó dé fìlà búlúù han Láwùmí. Ó ní obìnrin náà wá láti ẹgbẹ́ kan ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù lórí básíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì fẹ́ mú lọ, ẹni tó máa máa darí bọ́ọ̀lù fún wọn. Orúkọ méjì péré ló kù nínú ìwé rẹ̀.

"Ọ̀kan ni Ìrẹ̀mídé yín yìí, tó ń gbá fún àwọn ará Adó-Èkìtì. Ìkejì ni Ọlárónkẹ́ tiwa níbí."

Láwùmí náà ló bí Ọlárónkẹ́. Rónkẹ́ ni àkọ́bí rẹ̀, ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tó ń ṣe ọdún tó máa ṣe kẹ́yìn nílé ìwé. Ìrẹ̀mídé tó tẹ̀lé e jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ṣì ní ọdún méjì nílẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló borí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa jọ forí gbárí nínú àṣekágbá.

Ẹ ò lè mọ ohun tó ba obìnrin yìí lẹ́rù àfi tí ẹ bá mọ irú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Nílé Láwùmí, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n láéláé. Ìrẹ̀mídé dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje: ó já ẹja díndín gbà lọ́wọ́ Rónkẹ́. Ìyá rẹ̀ mú un kúnlẹ̀, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè títí apá fi ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, tí Rónkẹ́ bá ti di nǹkan mú, àbúrò rẹ̀ á káwọ́ sẹ́yìn. Láwùmí a sì máa fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n wá wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn láti gbàdúrà. Kí Ọlọ́run ṣe ti ta ni? Bó bá dárúkọ ọ̀kan, ó ti gégùn-ún fún ìkejì nìyẹn. "Baba, Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ àwọn méjèèjì," ló wí, ó ṣe àmín, ó lọ wọ ọkọ̀.

Pápá ti kún dẹ́nu nígbà tó débẹ̀. Surajudeen ti gba àyè sílẹ̀ fún un. Eré bẹ̀rẹ̀, àbúrò ló sì wá ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n. Rónkẹ́ ń lu bọ́ọ̀lù bọ̀ jẹ́jẹ́, ó gbórí sókè, ìrìn rẹ̀ tó ìran wò. Ìrẹ̀mídé dojú kọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Rónkẹ́ kọjá, bọ́ọ̀lù wọlé. Ó tún bọ̀, ó tún kọjá.

"Kí ló ń ṣe é?" Surajudeen fò dìde. "Àbí wọ́n ti fi gúlú lẹ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ itan ni?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀lé Ìrẹ̀mídé wá láti Adó-Èkìtì kọ́kọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n ń hó lé e lórí: "Ìrẹ̀, wetin dey worry you?" Kí ìdajì eré tó pé, Rónkẹ́ nìkan ti jẹ pọ́ìntì mẹ́rìndínlógún, obìnrin onífìlà búlúù kò sì wo ọ̀dọ̀ Ìrẹ̀mídé mọ́ rárá.

Nínú gbogbo èrò yẹn, Láwùmí nìkan ló rò pé òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹja yẹn ni. Ẹja ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn! Òun ni òun de ọmọ òun lọ́wọ́, òun tún ń fi ṣe fáàrí kiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí wọ́n ṣe fun fèrè ìsinmi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, títí ó fi bá Ìrẹ̀mídé nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn pápá. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i tòun ti òógùn lára.

"Dìde, jàre," ni Láwùmí wí. "Ìrẹ̀mídé, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ilé ni ilé, pápá ni pápá. Já bọ́ọ̀lù yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti yọ̀ǹda."

Ìrẹ̀mídé wolẹ̀. "Mọ́mì, kì í ṣe tìtorí yín."

"Tìtorí ta wá ni?"

"Tí obìnrin Íjíbítì yẹn ò bá mú àǹtí mi lónìí, ó parí fún wọn nìyẹn. Kò tún sí ìdíje mìíràn fún wọn. Èmi ṣì ní ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kó mú wọn lọ."

Láwùmí ti rò pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà. Kò mọ̀ pé ńṣe ni ọmọ náà ti jókòó, tó ti ro ó síwá sẹ́yìn, tó sì ti pinnu láti fi ìpín ara rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Rónkẹ́ ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó wá bu omi, ike ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní, ta ló bẹ̀ ọ́? Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń jí sáré yí Bódìjà po kílẹ̀ tó mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ mi yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ta mí lọ́rẹ níwájú àlejò? Ṣé alágbe ni mo dà lójú ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò fẹ́ ẹ má bínú. Gbọ́ mi dáadáa. Tí a bá padà débẹ̀ yẹn tí o ò gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ mi, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Wá àǹtí mìíràn lọ." Ó bu omi rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí tó kù tó máa jọ òótọ́. Nígbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀, bí Rónkẹ́ ṣe gba bọ́ọ̀lù báyìí, kò wá ọ̀nà mìíràn, iwájú àbúrò rẹ̀ ló forí lé. Ìrẹ̀mídé na ọwọ́. Afẹ́fẹ́ ló gbá mú! Rónkẹ́ ti gbé bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ti yọ sí òdì kejì, ó ti jù ú sáwọ̀n. "Tún bọ̀," ló sọ fún un. Ó tún bọ̀ lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, Rónkẹ́ fi ara bò ó, ó gbà á sílẹ̀. Ìrẹ̀mídé wá yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ Rónkẹ́, ó ń kó bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń kó aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ṣú. Pọ́ìntì tó wà láàárín wọn ń dínkù, ó ń dínkù.

Láwùmí ti dìde láìmọ̀. Ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíì. Àwọn tí òun wẹ̀ nínú bàsíà kan náà! Ibo ni wọ́n ti rí irú ara yìí, nígbà tí ìyá tó bí wọn kò lè gun àtẹ̀gùn Sẹkitéríàtì kó má sinmi lẹ́ẹ̀mejì? Wọ́n jọ ń fò, wọ́n jọ ń balẹ̀, wọ́n ń yí ká ara wọn, ara Láwùmí sì bù máṣọ. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Surajudeen pàápàá, "Subuhanallahi" nìkan ló ń wí lábẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ́ Rónkẹ́ ń fi pọ́ìntì kan ṣáájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní ṣe ju kó dì í mú kí àkókò tán, ife-ẹ̀yẹ di tiwọn, Íjíbítì di tirẹ̀. Ìrẹ̀mídé dé. Rónkẹ́ kẹ̀yìn sí i, ó fi èjìká dí i, ó ń pààrọ̀ ọwọ́, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Láwùmí wo ojú rẹ̀ dáadáa: ó di eyín pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda nǹkan kì í ṣojú báyẹn.

Àfi bí bọ́ọ̀lù ṣe pòórá. Ìrẹ̀mídé ti ń sáré lọ! Rónkẹ́ yí bírí, ó gbá yá a, ó sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ìka rẹ̀ kan etí ẹ̀wù àbúrò rẹ̀. Wọ́n jọ fò, ó na ọwọ́ tán, ó ku díẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀lù lu pátákó, ó wọlé. Fèrè dún.

Ariwo sọ. Àwọn ará Adó-Èkìtì gbé Ìrẹ̀mídé sí èjìká lọ sí àárín pápá, obìnrin onífìlà búlúù la àárín èrò kọjá, ó na ọwọ́ sí i. "Mọ́mì, ó ti bọ́ sí i!" Surajudeen ń fa Láwùmí lápá. "Ẹ lọ bá wọn ya fọ́tò!"

Ọ̀nà ibòmíì ni Láwùmí gbà. Rónkẹ́ jókòó sílẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n níbi tí eré parí sí, ó na ẹsẹ̀ gbalaja, òun nìkan. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí kọnkéré gbígbóná. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ń fi nu ojú ọmọ náà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òógùn yàtọ̀ sí omijé.

"Mọ́mì, mi ò fi sílẹ̀ fún un o."

"Mo rí i."

"Àwọn èèyàn máa sọ pé mo fi sílẹ̀ ni. Òun náà lè fẹ́ rò bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Ó gbà á lọ́wọ́ mi ni."

"Ojú mi ló ṣe, ọmọ mi."

Rónkẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. "Ẹni tó bá máa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, mo máa ń rí ọwọ́ ẹ̀ kó tó dé. Mi ò rí tiẹ̀, Mọ́mì. Mi ò rí i rárá." Ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín ń bọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. "Háà! Àbúrò mi mà ni o!"