Ọkọ Maarit Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Obìnrin tó ń ṣọdẹ kì í ṣe ohun tuntun lójú mi. Ìyá tó bí ìyá mi fi ọkọ́ lásán pa ọ̀yà lóko, ó sì sun ún jẹ kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Èyí tó jẹ́ tuntun ni kí obìnrin wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìpẹ̀kun ayé, kó gbé ìbọn dání, kó san owó rẹpẹtẹ, kó wá bá wa ní àfonífojì Save nítorí ẹran kan ṣoṣo. Irú wọn ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀gá wa, Musarurwa, tí ìjọba fún láṣẹ láti máa mú àlejò lọ sígbó ọdẹ, ti rí i pé owó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ló bá kọ ìmọ̀ràn gígùn kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún obìnrin tó bá fẹ́ dá wá. Kí wọ́n lo oògùn ibà. Kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ará ilé. Kí wọ́n gbọn bàtà wọn nù láràárọ̀ nítorí àkeekèé. Ó ń fi ìmọ̀ràn yìí yangàn káàkiri. Àwa obìnrin tí a ti ń dá sùn ní ibùdó yẹn látọdúnmọ́dún, ilẹ̀kùn yàrá wa kò ní kọ́kọ́rọ́, òkúta la fi ń tì í.

Èmi ni mo ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ìyá Rukudzo ni wọ́n ń pè mí.

Maarit dé ní oṣù kẹfà, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ojú ń ríran jìnnà nínú igbó. Finland ni ó ti wá. Ó ga, irun rẹ̀ funfun bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bá a tú ẹrù rẹ̀, ẹnu sì yà mí. Obìnrin yìí ti múra sílẹ̀ de kìnnìún, ejò, ẹ̀fọn, olè àti ọkùnrin. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ni kò múra sílẹ̀ dè, òun ló sì fẹ́ẹ̀ pa á.

Nhoro ló wá pa, ẹran ńlá tí ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́dẹ nínú yìnyín ilẹ̀ wọn. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni bàbá náà ń sọ pé òun á lọ pa nhoro kí òun tó kú, kò sì rí i ṣe. Nígbà tó ń kú lọ, ó fo ọmọkùnrin rẹ̀ méjì dá, ó fa ìbọn lé Maarit lọ́wọ́. Àwọn arákùnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aláǹtakùn ló máa jogún ìbọn náà. Ọdún mélòó kan ló fi tọ́jú owó. Ìwé àṣẹ rẹ̀ á sì parí ní ọjọ́ Sátidé, bóyá ó pa á o, bóyá kò pa á.

Bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Bàbá Zvidzai, olórí àwọn tó ń tọpa ẹran, bọ́ fìlà, ó tẹríba, ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń kí àlejò pàtàkì.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ìyá. Ọkọ yín dà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn," ni Maarit dáhùn. Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Pekka."

"Pekka!" Bàbá Zvidzai pè é lápètúnpè bí ẹni ń tọ́ oyin wò. "Ẹ gbé àga Pekka jáde o!"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó yí iná ká, bàbá náà tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ní oríkì ìdílé nílẹ̀ wa, ẹran ni wọ́n fi ń kì wá, ẹran náà ni o kò sì gbọdọ̀ jẹ títí ayé. Ẹni tí oríkì yín bá jọra, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín, ibi yòówù kí wọ́n ti bí i. Bàbá Zvidzai wá bi í pé ìdílé ẹran wo ni Pekka. Maarit wò yí ká. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀.

"Nhoro," ló bá wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gbogbo wọn dìde, àtẹ́wọ́ ń ró. Tawengwa awakọ̀ bá na ìka sí mi níbi tí mo ti ń ro sadza, òkèlè àgbàdo wa.

"Ìyá Rukudzo! Ìyàwó yín rèé o! Àbúrò yín fẹ́ òyìnbó, ẹ ò wí fún wa!"

Nhoro ni oríkì tèmi náà. Ọbẹ̀ ẹran nhoro tí mo ti sè nínú ibùdó yẹn kò lóǹkà, n kò tọ́ ọ wò rí, ojú àti imú ni mo fi ń mọ̀ bóyá iyọ̀ dọ́gba. Mo gbé igi orógùn sókè, mo kígbe pé, "Káàbọ̀ o, ìyàwó mi! Abọ́ ń dúró dè ọ́!" A rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé a ti ti ilẹ̀kùn igbó mọ́ Maarit lójú.

Ilẹ̀ mọ́. Maarit ti wọ bàtà, ó ti gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bàbá Zvidzai jáde pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́rùn, ó wọnú ọkọ̀.

"Ibo la ń lọ?" ni Maarit bi í.

"Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni o. A fẹ́ lọ pàdé àna wa."

"Ṣé ká máa ṣọdẹ ná, tó bá dé..."

Ojú bàbá náà korò. "Ká mú ìyàwó onílé wọ igbó kí ọkọ tó dé? Ká lọ pa ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ìyá, bí wọ́n bá bi wá pé ta ló rán wa, kí la fẹ́ wí?"

Wọ́n lọ, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wojú ọ̀run, wọ́n padà lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lọ. Mo ń bu sadza àti ewébẹ̀ síwájú àga Pekka lójoojúmọ́, nítorí a kì í fi àga ọkùnrin sílẹ̀ lófìfo. Tawengwa sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ká má baà fi oúnjẹ ṣòfò.

"Ọkùnrin yìí mọ oúnjẹ jẹ o," ni yóò wí bó ṣe ń lá ìka. "Ìyá Rukudzo, ẹ bá Pekka fi ẹ̀pà sí ti ọ̀la."

Maarit lọ bá Ọ̀gá Musarurwa. Ọ̀gá pọ́n ètè, ó ṣojú àánú.

"Ẹ fara balẹ̀, màdáámù. Ààbò yín ló jẹ wá lógún."

Lọ́jọ́ kẹta, akọ nhoro kan jáde wá mumi ní òdìkejì odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó. Ìwo rẹ̀ ga débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Maarit dìde dúró, ó ń wò ó. Bàbá Zvidzai dúró tì í, ó bọ́ fìlà, ó pàtẹ́wọ́ sí ẹran náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, àna wa. A ṣì ń retí wọn."

Ẹran náà mumi tán, ó rọra bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lé e.

Maarit kò sunkún níwájú wọn. Ilé ìdáná mi ló sá wọ̀, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ìyá Rukudzo, kò sí Pekka."

"Ó kú ni?"

"Kò sí i rí. N kò lọ́kọ. N kò fẹ́ ọkọ. Nhoro ni mo fẹ́."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di òpó ilé mú. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ irọ́ yẹn, ọmọ yìí?"

Ó fa fóònù yọ, ó kà á sí mi létí. Ìmọ̀ràn Ọ̀gá wa ni! Ó wà níbẹ̀ gbagada: obìnrin tó bá dá wá, kó máa wí fún gbogbo ènìyàn pé ọkọ òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ààbò ńlá ni. Musarurwa tó kọ ọ́ ti gbàgbé. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé ibòmíì ló ti dà á kọ, kò sì kà á.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún wọn," ni Maarit wí.

"Jókòó. Bàbá Zvidzai ti wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí o bá wí fún un pé afẹ́fẹ́ ló ń pàdé, yóò gba ilé rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ta ni yóò tọpa ẹran fún ọ?"

"Kí n sọ pé ó ti kú ńkọ́?"

"Háà! Wọn á tẹ́ ẹní fún ọ, a ó máa kí ọ kú ọ̀fọ̀ títí Sátidé á fi kọjá."

"Kí n sọ pé mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀?"

"Ìpàdé ẹbí nìyẹn. Ìyẹn ò ní parí lọ́dún yìí."

Ó gbé orí lé orúnkún. Inú bí mi. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe fún ara rẹ̀ ni obìnrin yìí ti ṣe, ọkùnrin tí kò sí láyé wá dí i lọ́nà. Mo wo igi orógùn lọ́wọ́ mi. Àwàdà alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sọ sí mi lọ́kàn, mo nu ọwọ́ sí ara aṣọ, mo sì lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Bàbá Zvidzai, mo kí yín o. Kí ni oríkì ìdílé mi?"

"Nhoro ni ẹ, Ìyá Rukudzo. Ta ni kò mọ̀?"

"Ti Pekka ńkọ́?"

"Nhoro."

"Kí wá ni mo jẹ́ sí i?"

Ó fa irùngbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ẹ."

"Nígbà tí ìyàwó yín kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́dún yẹn, ta ló lọ bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ yín?"

"Arábìnrin mi ni. Òun náà kúkú ni ọkọ ẹ̀..."

"Ẹ parí ẹ̀."

"Ọkọ ni arábìnrin ọkọ," ló fi tipátipá wí.

"Ta wá ni ẹ ń lọ pàdé ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí ọkọ ń ro sadza fún yín níbí?"

Ọ̀gá Musarurwa bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Rukudzo, alásè mà ni yín!"

Bàbá Zvidzai yíjú sí i kíá. "Ọ̀gá, ẹ má fi àṣà ṣeré. Ẹ kúnlẹ̀."

Ó mà kúnlẹ̀ lóòótọ́! Mo na ọrùn sókè díẹ̀. "Èmi kì í jẹ nhoro. Ìyàwó mi, ilé bàbá tirẹ̀ ló ti wá, èèwọ̀ wa kò mú un. Mo yọ̀ǹda kó pa á. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ìyàwó mi dá wọ igbó, mò ń bá a lọ."

"Ta ni yóò wá se oúnjẹ?" ni Ọ̀gá bi mí lórí ìkúnlẹ̀.

"Tawengwa. Ó mọ ohun tí Pekka ń jẹ."

A wọ igbó ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá Zvidzai ti bọ́ kóòtù, ó di ọdẹ padà, ó ń fi eérú dán afẹ́fẹ́ wò, ó ń tẹ̀ bí ológbò. Ọ̀gá tẹ̀ lé e, Maarit tẹ̀ lé Ọ̀gá, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀gún nínú síkẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ti mú kí a tó bá a lábẹ́ igi mopane, akọ ọjọ́ yẹn gan-an, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Maarit gbé ìbọn lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó dúró. Ó pẹ́ tó ti dúró, a kò mí. Ẹran náà yíjú, ó fi ìhà hàn, ìbọn sì dún. Ó sá díẹ̀, ó ṣubú, kò tún gbéra mọ́.

Maarit rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè ilé rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọkùnrin sáré lọ? Ọ̀dọ̀ mi.

"Nhoro! Ẹ kú oríire! Ìyàwó yín ti pa ẹran o!" Bàbá Zvidzai ń pàtẹ́wọ́, Ọ̀gá ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo fa ìbọn.

Ó yẹ kí n nawọ́ sí Maarit. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe bí àgbà, mo mi orí, mo ní, "Mo ti mọ̀ pé yóò lè ṣe é." Ẹ dákun, ó dùn. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu ẹran náà, wọ́n tún ìwo rẹ̀ ṣe, wọ́n tẹ koríko mọ́lẹ̀ fún fọ́tò. Ọ̀gá gbé kámẹ́rà sójú.

"Ọkọ, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ di ìwo mú. Màdáámù, ẹ dúró lẹ́yìn wọn lápá ọ̀tún, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Mo jókòó. Mo di ìwo mú méjèèjì. Mo tilẹ̀ yíjú sí Maarit, mo ní, "Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, ó wúwo fún ọ."

Kò gbé e sílẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ti gbẹ. Nínú gbogbo àwa tí a wà nínú igbó yẹn, àwa méjì péré la mọ irú ènìyàn tí Pekka jẹ́.

"Pekka," ló pè mí, kò pariwo, "dìde níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n rò pé ìyàwó ń fi oríkì pọ́n ọkọ lé ni.

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo dìde, mo gbọn síkẹ́ẹ̀tì mi, mo gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo ní kí gbogbo wọn kúrò lójú ọ̀nà. Maarit jókòó ti ẹran tó pa, ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ lé itan, mo sì ya òun nìkan.