Orúkọ Wáifáì Ilé Àtijọ́

Chizuru tún fi ìdí bírò tẹ lẹ́tà náà, ẹ̀rọ géèmù kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò dáhùn. Gbogbo igun ọ̀tún ojú ẹ̀rọ náà ti kú láti ọjọ́ tí Kunihiko, ọkọ Chizuru, ti là á mọ́ ògiri ní ìlú Himeji. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè tẹ orúkọ Wáifáì tuntun sí i mọ́.

Kódà bó ṣeé tẹ̀, asán ni. Ọkùnrin tó ń ta àlòkù lẹ́yìn ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i.

“Àǹtí, Wáifáì òde òní ò mọ bàbá arúgbó yìí rí. Bí ò bá lè bá ayé tuntun lọ, ẹ wá ayé àtijọ́ bá a.” Ó fa ẹ̀rọ Wáifáì ògbólógbòó kan yọ lábẹ́ káńtà, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. “Àmọ́ àgádágodo ẹ̀ ò lágbára o. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á wọlé.”

Ní ọjọ́ Ẹtì ni Chizuru gbé e dé yàrá rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti lè kọ́ géèmù náà ní orúkọ tuntun, orúkọ tí géèmù náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi sọ Wáifáì: SHIRASAGI, orúkọ Wáifáì ilé wọn ní Himeji, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà ibẹ̀ gan-an. Ó tan géèmù náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni ti oko dé sílé bàbá rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ti sá fún ọkọ rẹ̀ wá sí ìlú Kurayoshi pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Àwọn ọlọ́pàá ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe pe ẹnikẹ́ni tí Kunihiko lè lọ fúngun mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi ń yẹ fóònù rẹ̀ wò láràárọ̀, lálaalẹ́. Géèmù yìí nìkan ni kò kà sí. Ó ní ìṣeré ọmọdé ni. Inú rẹ̀ sì ni abúlé tí òun àti Mitsuyo, àbúrò rẹ̀, jọ kọ́ wà. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti ti ọ̀nà abúlé yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pa tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti la òmíràn. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àárò lu Chizuru títí ó fi kọ káàdì kan sí àbúrò rẹ̀, láìkọ àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i: *Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta, ní abúlé wa.*

Ní ọjọ́ Àìkú náà, aago mẹ́ta lù. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Mitsuyo ti wà lẹ́nu ibodè, ọmọ ènìyàn kékeré kan tó dé fìlà pupa. Chizuru rẹ́rìn-ín sókè, omi sì dà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí fìlà pupa náà, díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró.”

“Kunihiko wá sílé wa. Ó rí káàdì yẹn.”

“Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú yín wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ”

Àwòrán náà dúró gbagidi. Ìsopọ̀ òun àti Mitsuyo ti já.

Ó fi fóònù ṣí ojú ìwé ẹ̀rọ Wáifáì, kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ gbogbo ohun tó bá wọlé máa ń hàn níbẹ̀. Méjì ló yẹ kó rí: fóònù rẹ̀ àti géèmù. Mẹ́ta ló rí.

*Fóònù Kunihiko.*

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí kì í ṣe ekòló. Fóònù ọkùnrin náà kò gbàgbé SHIRASAGI. Ó gbọ́ orúkọ náà lójú ọ̀nà, ó sì wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Wáifáì yìí kò lágbára kọjá òdìkejì títì.

Ó nawọ́ sí wáyà iná, ó sì dá ọwọ́ dúró. Bí Kunihiko bá wo fóònù rẹ̀ pẹ́rẹ́n, á rí orúkọ ilé rẹ̀ láàárín ìlú àjèjì. Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà bá já lójijì ńkọ́, tí fóònù náà sì ké? Ó fi wáyà sílẹ̀, ó pe Kageyama, ọlọ́pàá obìnrin tí nọ́ńbà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

“Ẹ má jáde,” ni Kageyama wí. “À ń bọ̀.”

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Chizuru kò mí.

“Èmi ni. Ìyá Inbe.”

Ìyá Inbe ni onílé, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ó wọlé, òórùn àlùbọ́sà tó ń bó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ọkùnrin kan wà níwájú ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò ní òdìkejì títì. Ó ní àbúrò òun obìnrin lòun ń wá, pé orí ẹ̀ ò pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹrí ba fún mi.”

“Kí lẹ sọ fún un, Mà?”

“Mo ní etí mi ò gbọ́ràn. Ó pariwo, mo ní àlùbọ́sà ti wọ́n lọ́dún yìí. Ó tún pariwo, mo ní ọkọ mi ti kú.” Kò rẹ́rìn-ín. “Mo bá irú ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ yẹn gbé fún ọdún méjìlélógójì, ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n.”

Àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wo orúkọ náà. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ, ni Chizuru ń wí nínú ara rẹ̀. Lọ, lọ, lọ. Ọkọ̀ kan rọra kọjá nísàlẹ̀, ó dúró. Nígbà tó yá, orúkọ náà kò sí mọ́.

“Ó ti lọ,” ni Ìyá Inbe wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Fóònù dún. Kageyama ni. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni níwájú ilé ìwẹ̀, wọ́n ṣì ń wá àdúgbò kiri. Kí Chizuru di ẹrù díẹ̀, àwọn á wá mú un kúrò níbẹ̀.

Ìyá Inbe dìde lọ wá báàgì. Chizuru tún ojú ìwé náà ṣí. Orúkọ méjì. Ó fetí sí àtẹ̀gùn, ó fetí sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó fetí sí yàrá òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà wà níbẹ̀, ó kéré tán, ó mọ ibi tí ọkùnrin náà dúró sí.

Ó tún un ṣí. Méjì. Ó tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ṣàkíyèsí pé òun ti ń bẹ orúkọ náà pé kó padà wá.